Ṣé Ọmọ Idà Ni Ọ̀bẹ Kékeré Ilẹ̀ Jàpáàn?

Bí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀bẹ ìdáná tó wá láti ilẹ̀ Jàpáàn lónìí, ìtàn ni wọ́n máa kọ́kọ́ tà fún yín kí wọ́n tó ta ọ̀bẹ. Ìtàn náà kì í gùn. Wọ́n á ní àwọn alágbẹ̀dẹ kan wà láyé àtijọ́ tó ń rọ idà fún àwọn jagunjagun tí wọ́n ń pè ní sàmúráì. Ìjọba fòfin de idà, ebi fẹ́ pa àwọn alágbẹ̀dẹ, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ̀bẹ. Nítorí náà, idà kékeré ni ohun tó wà níwájú yín yìí, ẹ mú owó wá. Ìtàn yìí dùn létí, ó sì ń gbé owó ọjà ga. Ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn bèèrè ni pé: ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn tèmi ni pé ìdajì rẹ̀ jẹ́ òótọ́, àmọ́ ìdajì kejì tí àwọn ọlọ́jà kì í sọ ló wúlò jù fún ẹni tó fẹ́ ra ọ̀bẹ. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan ṣoṣo ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn ọ̀bẹ kékeré tí wọ́n ń pè ní petty. Òun ni wọ́n fi ń bó èso, òun ni wọ́n fi ń gé àlùbọ́sà kéékèèké, òun náà ni wọ́n fi ń yọ ojú ọ̀dùnkún. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ ọmọ yìí fúnra rẹ̀ ń sọ pé ilé tó ti wá ju ẹyọ kan lọ: ọ̀rọ̀ Faransé náà petit, tó túmọ̀ sí kékeré, ló di petty lẹ́nu àwọn ará Jàpáàn. Ọ̀bẹ tó bá jẹ́ ọmọ sàmúráì pọ́ńbélé kò ní máa jẹ́ orúkọ Faransé.

Kí òfin idà tó dé

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ní Sakai, ìlú kan létí òkun nítòsí Osaka. Ibojì ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Daisen. Ọ̀rúndún karùn-ún ni wọ́n kọ́ ọ, gígùn rẹ̀ sì tó nǹkan bíi mítà 486. Ìtàn tí àwọn ará ìlú náà ń sọ ni pé àwọn alágbẹ̀dẹ tó rọ irinṣẹ́ tí wọ́n fi gbẹ́ ilẹ̀ ibojì yẹn ló tẹ̀dó síbẹ̀, tí iṣẹ́ irin fi di iṣẹ́ Sakai. Bí a bá gba ìtàn náà gbọ́, a jẹ́ pé ọkọ́ ló ṣáájú idà.

Lọ́dún 1543, àwọn Pọtogí gúnlẹ̀ sí erékùṣù Tanegashima pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí àwọn alágbẹ̀dẹ Jàpáàn fi mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìbọn náà, Sakai sì di ọ̀kan lára ìlú tó ń rọ ìbọn jù lọ. Lẹ́yìn náà ni tábà dé, láti ọwọ́ àwọn Pọtogí kan náà. Àwọn ará Jàpáàn ò fẹ́ tábà tó rí wúruwùru. Wọ́n fẹ́ kí ewé rẹ̀ tín-ínrín bí irun kó tó wọ inú ìkòkò tábà, ọ̀bẹ tó mú gan-an ló sì lè gé e bẹ́ẹ̀. Sakai bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ̀bẹ tábà. Ọ̀bẹ náà dára débi pé ìjọba àwọn Tokugawa fún wọn ní òǹtẹ̀ pàtàkì kan tí wọ́n ń lù sí i lára, Sakai Kiwame, kí gbogbo ilẹ̀ náà lè mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú.

Ẹ wò ó dáadáa. Àwọn tó ń ra ọ̀bẹ yìí kì í ṣe jagunjagun. Àwọn tó ń gé tábà fún títà ni. Èyí sì ṣẹlẹ̀ lásìkò tí idà ṣì wà ní ìbàdí gbogbo sàmúráì.

Ọjà idà fúnra rẹ̀ ti ń rọ kí òfin kankan tó dé. Toyotomi Hideyoshi ti gba idà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ lọ́dún 1588. Nígbà tí ọ̀tẹ̀ Shimabara parí lọ́dún 1638, ilẹ̀ náà lo ohun tó lé ní 200 ọdún láìsí ogun ńlá nílé. Sàmúráì ṣì ń gbé idà kọ́, àmọ́ idà tí kò jà kì í tètè bàjẹ́, ẹni tí idà rẹ̀ ò sì bàjẹ́ kì í tètè ra òmíràn. Ní gbogbo àkókò àlàáfíà yẹn, ẹnu ò dúró: ẹja ń di gígé, ewébẹ̀ ń di bíbó, koríko sì ń hù lóko.

Ìlú mìíràn tún jẹ́rìí sí i. Ní Echizen, wọ́n ní alágbẹ̀dẹ idà kan tó ń jẹ́ Chiyozuru Kuniyasu ti Kyoto wá lọ́dún 1337 nítorí omi tó dára fún iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń rọ idà, ṣùgbọ́n ó tún ń rọ dòjé fún àwọn àgbẹ̀ tó bá níbẹ̀. Dòjé yìí ló sọ Echizen di ìlú olókìkí. Ní Tsubame àti Sanjo ní agbègbè Niigata ńkọ́? Ìṣó ni wọ́n ń rọ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ìṣó tí wọ́n fi ń kan ilé. Nígbà tí ìṣó ilẹ̀ òkèèrè wọlé tó sì ba ọjà wọn jẹ́, wọ́n yí sí ṣíbí, fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ. Ìlú Tsubame yìí ni ọ̀bẹ Global ti jáde ní àwọn ọdún 1980, èyí tó jẹ́ irin látorí títí dé èèkù, tó sì wà ní ọ̀pọ̀ ìdáná Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lónìí. Ẹni tó bá ń pe ọ̀bẹ Tsubame ní ọmọ idà ò mọ bàbá rẹ̀. Ọmọ ìṣó ni.

Ìlú tí ìtàn àwọn ọlọ́jà bá mu jù ni Seki, ní agbègbè Gifu. Wọ́n ti ń rọ idà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàlá, ibẹ̀ sì ni orúkọ alágbẹ̀dẹ náà Magoroku Kanemoto ti gbajúmọ̀. Nígbà tí òfin dé, Seki ló dùn jù.

Òfin ọdún 1876

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 1876, ìjọba Meiji pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé idà kọ́ ní gbangba mọ́, àyàfi ọmọ ogun, ọlọ́pàá, àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wọ aṣọ ayẹyẹ. Àwọn ọlọ́jà máa ń sọ pé wọ́n fòfin de idà rírọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbígbé e kọ́ ni wọ́n dá dúró. Ẹni tó bá ní idà lè fi í sílé, alágbẹ̀dẹ tó bá fẹ́ sì lè máa rọ ọ́.

Àmọ́ kí ni ìyàtọ̀ ìyẹn lójú alágbẹ̀dẹ? Bí wọ́n bá ní kí o máa rán agbádá lọ, tí wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má wọ agbádá jáde mọ́, ta ni o fẹ́ rán an fún? Kò sí ẹni tó wá fọ́ ẹwìrì rẹ̀, kò sí ẹni tó gba owú lọ́wọ́ rẹ̀. Oníbàárà ni wọ́n gbà. Ẹni tó ti fi ìgbà èwe rẹ̀ kọ́ bí ẹyin iná ṣe ń pọ́n kí irin tó gbóná dé ibi tó yẹ, ọgbọ́n tó wà lórí rẹ̀ ò dín kù, ìlò rẹ̀ ló tán lọ́jọ́ kan. Àwọn kan pa ìléru tì. Ní Seki, àwọn kan yí sí ọ̀bẹ àpò àti irinṣẹ́ ilé. Ilé iṣẹ́ KAI, tó ń ṣe ọ̀bẹ Shun lónìí, ìlú yìí ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1908, ọ̀bẹ àpò ló sì fi bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú ìtàn àwọn ọlọ́jà nìyẹn. Òfin 1876 ti àwọn alágbẹ̀dẹ kan gan-an sínú ọjà ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin yẹn ló dá ọjà náà sílẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ tábà, dòjé àti ìṣó ti wà níbẹ̀ kí àwọn alágbẹ̀dẹ idà tó wá bá wọn.

Màlúù ló bí petty

Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí mo ti sọ, a ò tíì rí petty. Ohun tó fà á ni pé oúnjẹ tó bí i ò tíì dé.

Lọ́dún 675, Ọba Tenmu fòfin de jíjẹ ẹran màlúù, ẹṣin, ajá, ọ̀bọ àti adìyẹ fún àwọn oṣù kan nínú ọdún. Òfin náà àti ẹ̀kọ́ Búdà mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn jìnnà sí ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Ẹja àti ewébẹ̀ ló gba ìdáná, àwọn ọ̀bẹ tó sì bá wọn dàgbà ni deba fún ẹja, usuba fún ewébẹ̀, àti yanagiba fún ẹja tútù tí wọ́n gé pẹlẹbẹ. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń pọ́n lára àwọn ọ̀bẹ yìí, ẹ̀gbẹ́ kejì á tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n sábà máa ń ṣe é fún.

Ní oṣù kìíní ọdún 1872, ìròyìn jáde pé Ọba Meiji ti jẹ ẹran màlúù. Ìjọba fẹ́ kí aráyé rí Jàpáàn gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ìgbàlódé, oúnjẹ sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe àfihàn náà. Ilé oúnjẹ ti àwọn ará Yúróòpù ṣí, àwọn agbọ́únjẹ kọ́ sísè bí ti Faransé, wọ́n sì nílò ọ̀bẹ bí ti Faransé. Àwọn alágbẹ̀dẹ wo ọ̀bẹ àlejò náà, tí wọ́n ń pọ́n ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n sì fi irin tiwọn rọ ọ́. Èyí tó tóbi ni wọ́n sọ ní gyuto, ìyẹn ọ̀bẹ ẹran màlúù. Èyí tó kéré tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni petty. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni santoku wá gbilẹ̀ nínú ilé, ọ̀bẹ kan tó ń gé ẹran, ẹja àti ewébẹ̀ pọ̀.

Nítorí náà, bí a bá ní ká ka ìdílé petty, ìrísí rẹ̀ ti ilẹ̀ Faransé wá, ọwọ́ tó rọ ọ́ lè jẹ́ ti alágbẹ̀dẹ idà, tábà, dòjé tàbí ìṣó, màlúù ló sì ṣílẹ̀kùn fún un. Ọmọ ìpàdé ọ̀nà ni.

Ohun tí idà fi sílẹ̀ ní tòótọ́

Ṣé idà ò wá fi nǹkan kan sílẹ̀ ni? Ó fi sílẹ̀, àmọ́ kì í ṣe irin. Irin idà ni tamahagane. Ní agbègbè Shimane, wọ́n máa ń da iyanrìn tó ní irin nínú àti èédú sínú ìléru amọ̀ tí wọ́n ń pè ní tatara, wọ́n á sì máa fẹ́ ẹ fún ọjọ́ mẹ́ta tọ̀sán-tòru kí wọ́n tó wó ìléru náà yọ irin inú rẹ̀. Àwọn oníléru yìí ní òrìṣà tí wọ́n ń bọ, Kanayago lorúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí àwọn alágbẹ̀dẹ tiwa ṣe ń bọ Ògún kò ní bèèrè ìdí rẹ̀. Irin òkèèrè tó rọjú pa tatara díẹ̀díẹ̀. Lọ́dún 1977 ni wọ́n tún dá ọ̀kan sílẹ̀ ní Shimane, àwọn tó ń rọ idà ni wọ́n sì ń ṣe irin rẹ̀ fún. Irin ilé iṣẹ́ ńlá ni ọ̀bẹ ìdáná ń lò.

Ohun tí idà fi sílẹ̀ ni ọgbọ́n. Irin tó le máa ń mú, àmọ́ ó tètè ń kán. Irin tó rọ̀ kì í kán, àmọ́ ó tètè ń kújú. Àwọn alágbẹ̀dẹ idà yanjú rẹ̀ nípa lílẹ méjèèjì pọ̀ nínú iná: èyí tó le ní ojú, èyí tó rọ̀ láti gbé e ró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ Jàpáàn ṣe rí títí di òní. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè jẹ́ kí ojú ọ̀bẹ le gan-an. Lórí òṣùwọ̀n Rockwell tí wọ́n fi ń wọn líle irin, ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ Jámánì wà láàárín 55 sí 58, ti Jàpáàn sì sábà máa ń tó 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà yẹn ni ogún idà gan-an, ewu tó wà nínú rẹ̀ sì bá ogún náà wá: ohun tó le tó bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ egungun.

Bí a ṣe lè yan ọ̀kan

Bí a bá ti mọ ìtàn yìí, ìbéèrè mẹ́ta ló kù kí a tó sanwó.

Èkíní: iṣẹ́ wo ni mo fẹ́ fi ṣe? Bó bá jẹ́ bíbó èso lọ́wọ́ láìlo pákó, èyí tí gígùn ojú rẹ̀ wà láàárín mìlímítà 80 sí 100 ló bá ọwọ́ mu. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ máa gé àlùbọ́sà, tòmátì àti ẹran wẹ́wẹ́ lórí pákó, èyí tó jẹ́ 120 sí 150 ló dáa. Ẹni tó ń lo ọwọ́ òsì kó rí i pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni wọ́n pọ́n. Petty sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, nítorí Faransé ló bí i.

Èkejì: irin wo ni? Ọlọ́jà tó bá lè sọ ìtàn sàmúráì fún wákàtí kan tí kò lè dárúkọ irin tó wà lójú ọ̀bẹ rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ní Yasugi, ní Shimane níbi tí tatara ti gbilẹ̀ nígbà kan, ni wọ́n ti ń ṣe irin tí wọ́n ń pè ní Shirogami àti Aogami, ìyẹn bébà funfun àti bébà aláwọ̀ aró, nítorí àwọ̀ bébà tí wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Funfun rọrùn láti pọ́n, ó sì ń mú bí abẹ. Wọ́n fi chromium àti tungsten díẹ̀ kún ti aláwọ̀ aró kó lè pẹ́ kó tó kújú. Àwọn méjèèjì ló ń dípẹtà bí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀ ní tútù. Bí ẹ ò bá ní àkókò láti nu ọ̀bẹ gbẹ lẹ́yìn gbogbo ìlò, ẹ wá VG10, tí wọ́n ń ṣe ní Echizen. Chromium inú rẹ̀ tó nǹkan bí 15 nínú 100, òun ló ń lé ìpẹtà sẹ́yìn. Ní ti àwòrán bí ìgbì omi tó máa ń wà lára ọ̀bẹ olówó gọbọi, ara ìpele tó bo irin ojú ọ̀bẹ ni ó sábà máa ń wà. Ẹwà ni, kò fi kún mímú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta: ta ni yóò máa pọ́n ọn? Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ronú kan èyí. Kò sí ọ̀bẹ tí kì í kújú. Òkúta ìpọ́nbẹ tí wọ́n kọ 1000 sí ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ wá fi èyí tó jẹ́ 3000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dán an. Ẹ fi nǹkan bí ìwọ̀n 15 ṣe ìdagun ọ̀bẹ sórí òkúta náà, ẹ má sì kánjú. Ẹ má fi gé egungun tàbí ẹran tó ti dì, ẹ má gé nǹkan lórí àwo tàbí gíláàsì, ẹ má sì fi ojú rẹ̀ yí nǹkan bí ẹni ń ṣí agolo. Bí owó yín bá tó ọ̀bẹ nìkan tí kò tó òkúta, ẹ ra ọ̀bẹ tó rẹlẹ̀ sí i kí ẹ lè fi ìyókù ra òkúta. Ọ̀bẹ olówó kékeré tí a pọ́n sàn ju ti olówó ńlá tó ti kújú.

Ẹni tí owó ń lọ bá

Ó ku ohun kan tí ìtàn idà máa ń bò mọ́lẹ̀. Nínú àwòrán rẹ̀, ọ̀gá kan ṣoṣo ló wà nídìí iná tó ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ní Sakai, kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ló ń rọ ọ́, ẹlòmíràn ló ń pọ́n ọn, ẹlòmíràn ló ń fi èèkù sí i, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Òwe wa ní ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, ní Sakai wọ́n pín iṣẹ́ náà bí ẹni tó gbọ́ òwe yẹn. Ìjọba Jàpáàn ka iṣẹ́ ọ̀bẹ Echizen kún iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ lọ́dún 1979, wọ́n sì ka ti Sakai kún un lọ́dún 1982. Ọlá ni, àmọ́ ọlá kì í ra èédú.

Ọdún 1876 kọ́ wa pé oníbàárà ni èémí iṣẹ́ ọwọ́. Ọgbọ́n idà ò kú nígbà tí òfin dé, torí pé àwọn kan wà tó nílò ọ̀bẹ tábà, dòjé àti ohun tí wọ́n máa fi gé ẹran màlúù, tí wọ́n sì ń padà wá nígbà tó bá kújú. Ẹni tó ra petty nítorí sàmúráì lè gbé e kọ́ ògiri lẹ́yìn oṣù kan. Ẹni tó rà á nítorí àlùbọ́sà á lò ó, á pọ́n ọn, á lò ó títí yóò fi tín-ínrín, á sì tún ra òmíràn. Irú oníbàárà kejì yìí ló mú kí iná àwọn alágbẹ̀dẹ wọ̀nyẹn máa jó títí di òní.